Èmi Ni Àgbà Kejì

Igangan,
Lẹ́yìn Iléyá.

Làtíífàt, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aláékùm. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀kọ́ ń wọ orí ní Èrúwà? Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ojúde nìkan ni nẹ́tíwọọ̀kì ti ń mú nílé wa, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ilé ń jókòó sí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ Jàmílàt, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ni. Búrẹ́mọ̀, àbúrò bàbá rẹ tí mo ti ń pè ní ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ló ní kó bá òun gbé omi ìwẹ̀ wọlé. Bó ṣe gbé e wọlé, Búrẹ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì ń fọwọ́ pa á láyà. Olùkọ́ wọn, Míìsì Keturah, ti kọ́ wọn pé bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n pariwo, kí wọ́n sá, kí wọ́n sì sọ fún àgbà. Bí àgbà yẹn ò bá gbọ́, kí wọ́n wá òmíràn. Ọmọ náà pariwo, ó sì já ara rẹ̀ gbà. Ìyá àgbà ilé wa ló kọ́kọ́ sọ fún, ìyẹn ní kó panu mọ́. Èmi ni àgbà kejì.

Jàmílàt ní, "Ìyá, ìyá àgbà ní bí mo bá sọ, wọ́n á lé yín jáde."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Sàláúdéènì, olórí ilé. Bàbá ní, "Ìyàwó ilé ni ọ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ tú ilé ọkọ rẹ ká?" Mo ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mo ti ilẹ̀kùn." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, a sì gba ibẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n mú Búrẹ́mọ̀. Ẹjọ́ ti dé kóòtù.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nígbà Iléyá, ẹran ń gba iwájú ilẹ̀kùn mi kọjá sí yàrá gbogbo èèyàn, kò sí èyí tó yà sọ́dọ̀ wa. Gbúre lèmi àti Jàmílàt fi jẹun. Ó ń wojú mi, mo bá ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó jáde lọ fọ abọ́ ni mo tó sunkún. Bàbá rẹ, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ká ní ó wà láyé, ì bá bá mi sọ̀rọ̀.

Lánàá, Abíọ́nà, ìyàwó Búrẹ́mọ̀, yọ sí mi. Mo rò pé ó wá bú mi ni. Ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Làtíífàt, wọ́n fẹ́ lọ gba béèlì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa sùn lọ́dọ̀ yín." Mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ti Jàmílàt.

Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ. Ọwọ́ aburú kò ní tó ọ. Ayọ̀ ni a ó fi ríra.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Hàlímọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Ìwọ náà, inú ilé yìí lo dàgbà sí. Mi ò bi ọ́ léèrè rí. Bí nǹkan kan bá wà, ọmọ mi, máa bọ̀ wá sọ fún mi. Màá gbà ọ́ gbọ́.