Ẹ̀bi Wáyà Earth Tí Mo Dì Rù Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu mi, kì í sinmi. Inú ọkọ̀ mi ni mo ti ń kọ èyí, níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni wọ́n sì fún mi.

Ara wa le ní Grayson, ní Amẹ́ríkà níbí. Àwọn HOA, ìgbìmọ̀ àdúgbò wa, tún ti kọ lẹ́tà sí mi pé ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe níwájú ilé mi ti pọ̀ jù. Ajá aládùúgbò wa, èyí tí ẹ máa ń kí ní ẹ káàárọ̀ bí ẹni pé alàgbà ìjọ ni, ṣì ń wá dúró sẹ́nu ọ̀nà gáráàjì, ó ń wá yín. Jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń wọ̀ nínú oṣù keje nítorí AC nígbà tí ẹ wá kí mi, èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ṣé òtútù ṣì ń mú yín?

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ajá. Mo parọ́ mọ́ yín, Bàbá mi. Mo parọ́ mọ́ yín lójú yín, mo sì jẹ́ kí irọ́ náà tẹ̀ lé yín dé ìsìn ìrántí yín.

Ẹ rántí ọkọ̀ pupa Brother Táyọ̀. Táyọ̀ tó jẹ́ apoògùn òyìnbó, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lilburn, tí wọ́n bí síbí, tó máa ń pè yín ní Grandpa. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì rotary ló sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i hàn yín, ẹ wá písítìnì títí, ẹ ò rí. Mo ṣàlàyé fún yín pé kò ní písítìnì kankan, pé irin onígun mẹ́ta kan ló ń yí bìrí nínú rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ rewire, iṣẹ́ iná ọkọ̀, ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí, inú yín sì dùn bíi ti ọmọdé. Ẹ mú ike ọ̀dà kan tó ṣófo, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ jókòó lé e, ẹ ń wò mí.

Iṣẹ́ tí Táyọ̀ gbé fún mi kò le. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ráyè wọ ẹ́ńjìnnì náà dáadáa. Mo tú throttle, ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo yọ àwo kejì tó ń dí i lọ́nà, mo fi fáìlì dán inú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Ó wá ku sẹ́ńsọ̀ tuntun, èyí tó ń sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, bí awakọ̀ ṣe ń tẹ iná tó. Wáyà mẹ́ta péré ni. Ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń jẹ́ iṣẹ́ fún brain box, ẹ̀kẹta ni earth, èyí tí iná ń gbà padà.

Earth yẹn ni mo fi bóòtù dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é fún hóònù àti iná iwájú ní ṣọ́ọ̀bù yín, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ dìde lórí ike yín, ẹ fi ìka kàn án, ẹ bi mí bóyá kò yẹ kí earth sẹ́ńsọ̀ padà sínú brain box, níbi tí iná rẹ̀ ti wá, kí fáànù àti iná iwájú má baà máa da iṣẹ́ tó ń jẹ́ rú. Ohun tí ẹ sọ yìí wà nínú ìwé tí mo tẹ́ síwájú, mi ò kà á débẹ̀ ni. Kí ni mo fi dá yín lóhùn? Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ibí kì í ṣe Mọ́kọ́lá. Ẹ nu ọwọ́ yín mọ́ itan ṣòkòtò, ti apá òsì bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ padà lọ jókòó.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Táyọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, jáde nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n dé traffic light kan, fáànù ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, sẹ́ńsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ fún brain box. Ẹ́ńjìnnì ń ké sókè, ó ń wálẹ̀, bí Táyọ̀ sì ṣe ní kí òun kọjá, ọkọ̀ kú sáàárín oríta pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Tow truck ló gbé ọkọ̀ náà dé iwájú ilé mi, Táyọ̀ sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tí mi ò rí lára rẹ̀ rí.

Mo ti rí ohun tó fà á kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wà lẹ́yìn mi. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì rotary ní gbogbo àyíká wa, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fi mí yangàn, mo sì ti sọ fún wọn pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ sí nínú ìtàn náà. Ọjọ́ yẹn ni mo wá fi yín sí i. Mo yí ohùn mi padà sí ti àwọn ọmọ ibí, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì wàrà-wàrà kí ẹ má baà gbọ́, mo ní Daddy mi ló so wáyà náà, pé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, pé ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ bọ́ fìlà yín. Ẹ tẹ orí ba fún ọmọ tí ẹ tó bàbá rẹ̀ í bí. "Sorry, sà," lẹ wí, "sorry, ọ̀gá mi." Ọ̀gá! Inú Táyọ̀ rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dì mọ́ yín. Èmi dúró síbẹ̀, mo di spánà mú.

Ẹ ò mẹ́nu bà á fún mi rí. Oṣù méjì lẹ tún lò sí i lọ́dọ̀ mi, ẹ jẹ oúnjẹ mi, ẹ gbàdúrà fún mi láràárọ̀, ẹ padà sí Ìbàdàn. Mo tú wáyà náà, mo dá earth padà sínú brain box bí ẹ ṣe wí, ọkọ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ? Mo sọ fún ara mi pé ẹ ò gbọ́. Mo ní ojú Táyọ̀ tó le lẹ kàn rí, tí ẹ fi bẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe máa ń bẹ gbogbo oníbàárà. Ohun tí mo fi ń tan ara mi sùn nìyẹn.

Nígbà tí ẹ papò dà, mi ò lè wálé. A ṣe ìsìn ìrántí fún yín ní Lilburn, Táyọ̀ sì gba máìkì. Ó sọ ìtàn bàbá àgbà kan tó ba ọkọ̀ òun jẹ́, tó sì ṣí fìlà bẹ òun láìwo ọjọ́ orí. Ó ní òun ò tíì rí àgbà tó gba ẹ̀bi rẹ̀ báyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá ìjọ nu ojú. Mo jókòó ní ìlà iwájú nínú aṣọ dúdú, mo ń mi orí. Bàbá mi, mo mi orí!

Sátidé tó kọjá, Táyọ̀ tún gbé ọkọ̀ náà wá, ó fẹ́ kí n tún gbẹ́ throttle rẹ̀ tóbi sí i. Bí a ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un, láti orí bóòtù dé orí Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni yóò bí i nínú.

"Sister," ó ní, "so ẹ jẹ́ kí n stand up níwájú gbogbo church, ẹ̀yin náà sit down there, you were nodding?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Did Grandpa know?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án yìí, bí mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀, ó fi voice note kan ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ohùn yín ni. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ padà dé Ìbàdàn lẹ ti fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ wúkọ́, ẹ kí i, ẹ kí ìyàwó rẹ̀, ẹ béèrè ọmọ. Ẹ wá ní: "Táyọ̀, ohun tí ọmọ mi sọ fún ọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Èmi ni mo so wáyà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbé mọ́tò ẹ fún ẹlòmíì. Ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

Ẹ gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì tún bá mi jókòó jẹun fún oṣù méjì.

Mo ti pe pásítọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sunday, màá dìde, màá sọ fún wọn pé èmi ni mo so ó, pé ẹ̀yin lẹ rí àṣìṣe náà, pé ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ní ẹ̀bá títì ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀rù ń bà mí. Bóyá wọn ò ní gbé ọkọ̀ wá mọ́, kí wọ́n má gbé e wá. Ibi tó ṣòro jù fún mi ni pé màá ní láti sọ níwájú gbogbo wọn pé ẹ purọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ purọ́ nìyẹn, nítorí mi sì ni.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ kọ́ níṣẹ́, tó fẹ́ràn yín, tí ojú ń tì.