Oògùn Ojú Tí Ẹ Ń Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Sànúsí,

Ẹ kú ìfaradà òtútù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, ikọ́ mi náà sì ti ń lọ.

Ojú Màmá ni mo fẹ́ sọ. Sàráà ni wọ́n ń fi oògùn yín ṣe. Ẹnikẹ́ni tí apólò bá mú ládùúgbò, wọ́n á kán an sí i lójú. Bí ojú tiwọn bá mọ́ díẹ̀, wọ́n á dáwọ́ dúró kó lè kárí. Mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní ahun ni mí.

Dókítà ojú kan n'Íkòròdú yẹ ipin ojú wọn wò. Ó ní àìlò-ó-tán ló jẹ́ kí oògùn yẹn mọ́ kòkòrò inú rẹ̀ lára, kò lè pa á mọ́. Ojú ọ̀tún ti lọ, tòsì ti ń ṣú. Ó fún wa ní oògùn mìíràn, Màmá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní tọmọ àwọn làwọn ń dúró dè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́. Ẹ pè wọ́n pé kí wọ́n lo ti dókítà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín fún wa.

Fọ́tò àwọn ọmọ ti dé. Èmi ni mò ń ròyìn rẹ̀ fún Màmá.

Àbúrò yín,
Zulaykha, Ẹ̀pẹ́