Mọ́tò Náà Ti Dé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Hephzibah Ọlábísí Akínbọ̀dé (1953–2025)

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1953 ni a bí Màmá Hephzibah Ọlábísí ní ìlú Ẹdẹ, sí ìdílé Adégbénró. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni bàbá wọn, Olóògbé Gabriel Adégbénró. Ìyá wọn, Olóògbé Lìádì, jẹ́ aláró tí àwọ̀ aró kì í kúrò ní èékánná wọn láti ọdún dé ọdún. Màmá kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ojú máa ń tì wọ́n láàárín ẹgbẹ́ wọn nítorí òórùn rẹ̀, wọ́n sì tẹpẹlẹ mọ́ ìwé kí wọ́n má baà jogún ìkòkò aró.

Wọ́n parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ọdún tó tẹ̀lé e ni bàbá wọn kú, ilé ìwé girama kò sì ṣeé ṣe mọ́. Màmá kò jókòó sọkún. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà: ìwé ẹ̀kọ́ ń ti Lọ́ńdọ̀nù dé sí pósítọ́fíìsì Ẹdẹ, wọn á ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀, wọn á sì fi ránṣẹ́ padà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yege nínú gbogbo rẹ̀ àyàfi ìṣirò, wọ́n sì tún ìṣirò ṣe. Ẹ̀yìn bébà iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà.

Ní 1976 ni wọ́n fẹ́ Olóògbé Olúdáre Akínbọ̀dé, onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà, Màmá Lìádì gbé aṣọ kíjìpá funfun kan lé wọn lọ́wọ́. “Èmi kò ní rì í sínú aró,” ni Màmá Lìádì wí. “Ọjọ́ tí aró kò bá tì ọ́ lójú mọ́, kí o rì í fúnra rẹ.” Màmá fi aṣọ náà sílẹ̀ ní Ẹdẹ, nínú àpótí.

Ọkọ wọn rí ààyè ẹ̀kọ́ gbà ní Tokushima, ìlú kan ní erékùṣù Ṣìkókù, ní ilẹ̀ Japan. Màmá bá wọn níbẹ̀ ní 1982, tàwọn ti Ṣèyífúnmi, ọmọ wọn, tó ṣì ń mu ọmú. Òkè Bizan wà lẹ́yìn ìlú náà bí irun òkè ojú, odò Yoshino sì gbòòrò létí rẹ̀. Màmá kò lè jẹ ẹyin tútù tí wọ́n ń fọ́ sórí núdù, ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún ibẹ̀ dùn mọ́ wọn, wọ́n sì ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan kan, sudachi, sórí ẹja bí ẹni pé Ẹdẹ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹjọ, gbogbo ìlú a máa jó ní títì fún ọjọ́ mẹ́rin, ọwọ́ lókè. Síbẹ̀, oṣù márùn-ún ni Màmá lò láìgbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọkọ wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń rìn lọ, ọmọ lẹ́yìn, òórùn tí wọ́n sá fún ní Ẹdẹ gba ojú fèrèsé ilé kan jáde. Aró ni. Wọ́n dúró síbẹ̀, omi bọ́ lójú wọn. Obìnrin àgbàlagbà kan jáde, ó fà wọ́n wọlé, ó fún wọn ní tíì. Ìyá Fumi Nakagawa nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi kọ́ iṣẹ́ aró lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ láti kọ́ lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe tó di ọ̀rọ̀ ilé yìí ti ṣẹlẹ̀. Bí ìkòkò aró bá wà láàyè, ìfófó a máa yọ lójú rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n ń pè é ní Tokushima. Wọ́n ń bù ú sínú abọ́ kí wọ́n tó ri aṣọ, wọ́n á sì dá a padà lẹ́yìn náà. Màmá, tí wọ́n ti ń bu ìfófó ẹ̀wà dànù láti kékeré, bu òdòdó náà, wọ́n kọrí sí gọ́tà. Ìyá Fumi figbe ta: “Mottainai!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ṣeni láàánú, má fi í ṣòfò. “Mọ́tò náà!” ni Màmá gbọ́. Wọ́n sáré jáde, abọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń wo títì kí mọ́tò má baà gbá ẹnì kan. Ìyá Fumi sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n ń tọ́ka sí abọ́. Màmá ń tọ́ka sí títì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wọn, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá ṣẹ́ ìrẹsì kù nínú ilé yìí á gbọ́ “Mọ́tò náà!” Eli, àbígbẹ̀yìn, dáhùn lọ́jọ́ kan pé, “Mummy, kó gbé mi lọ sí mall.” Ó jẹ ìrẹsì náà tán kó tó dìde.

Ìdílé náà padà sí Nàìjíríà ní 1986, wọ́n sì kó wá sí Riverdale níhìn-ín, ní òkè òkun, ní 1998. Màmá tọ́jú àwọn arúgbó fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọn kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ní 2009, ọmọ Ìyá Fumi kọ̀wé pé ìyá òun ti lọ, ó sì fi àpò ewé aró kan ránṣẹ́. Màmá gbé ìkòkò aró kalẹ̀ nínú gáréèjì. Omi eérú, èèrí àlìkámà àti ọtí ìrẹsì díẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.

“Deaconess,” ni Pásítọ̀ Shittu ti ìjọ wọn bi wọ́n, “kí ni ọtí ń wá nínú gáréèjì yín?”

“Pásítọ̀, èmi kọ́ ni mò ń mu ún. Ìkòkò ni. Kì í sì í yó.”

Ọdún náà ni gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wọ ìborùn aláró. Ní Tokushima, àwọn ará ìlú a máa fún àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ní omi àti èso láìbéèrè orúkọ wọn. Ìgbàgbọ́ Màmá yàtọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n mú ìwà náà wálé: omi tútù àti ọsàn kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà wọn fún àwọn tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù kiri.

Àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yìí. Ní oṣù kẹwàá, àbúrò wọn, Arábìnrin Oyèwùmí, mú kíjìpá funfun náà wá láti Ẹdẹ. Màmá gbé e lé àyà. Wọ́n ní àwọn kò bẹ̀rù ikú. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn láìri aṣọ náà. Ṣìkẹ́mi, ọmọ wọn kejì, tí òórùn aró kò bá a lára mu rí, ló ń ro ìkòkò náà lárọ̀ọ̀wúrọ̀. Ó ń rò ó, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Ìfófó lọ. Òórùn lọ.

“Mummy, it's dead,” ló wí lẹ́bàá ibùsùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dà á nù.”

Màmá, tí wọn kò tíì sọ̀rọ̀ láti àná, la ojú. “Mọ́tò náà!”

Ṣìkẹ́mi jókòó. Màmá kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀: se èèrí, jẹ́ kó tutù, dà á sí i, fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò, má yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Ṣìkẹ́mi gbé abọ́ kan wọlé, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Màmá ti ìka kan bọ inú òdòdó náà.

“Ó jí,” ni wọ́n wí. “Ẹ bá mi gbé aṣọ ìyá mi.”

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n rì í. Wọ́n gbé abọ́ ńlá kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn fún ti ìkẹyìn, kí ọwọ́ Màmá lè bọ inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2025, Màmá sùn nínú Olúwa. Àwọ̀ aró wà ní èékánná wọn.

Aṣọ náà ló wà lórí pósí lónìí. Ẹbí kò ní sin ín mọ́ wọn, nítorí Màmá ti kìlọ̀ pé òfò ni. Gbémi, ọmọ-ọmọ wọn àgbà, ni yóò gbà á.

Màmá fi àbúrò kan sílẹ̀, Arábìnrin Oyèwùmí. Ọmọ mẹ́ta: Ṣèyífúnmi ní Suwanee, Ṣìkẹ́mi ní Riverdale, Eli ní Covington. Ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ìkòkò aró kan tó ṣì ń yọ òdòdó. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún méjìléláàádọ́rin.

Màmá, mọ́tò náà ti dé lóòótọ́ lónìí. Ẹ máa wọkọ̀. Ẹ kò ṣẹ́ nǹkan kan kù nínú abọ́. Ẹ kí Màmá Lìádì, kí ẹ sì sùn un re.