Òdòdó Tí Wọ́n Ní Ó Yàgàn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Mo ní òdòdó kan nínú ìkòkò ní pálọ̀ tí wọ́n ń pè ní písì lílì. Ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ funfun bíi ṣíbí tanganran. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, wọn ò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ní òdòdó tó ń tanná tí kì í so èso ni kò jẹ́ kí n tíì rọ́mọ bí, kí n gbé e jù síta. Ọkọ mi kàn ń wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

Mi ò gbé e jù. Mo yọ ọ́ nínú ìkòkò láti pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ni mo bá rí ọmọ méjì tó ti yọ nídìí rẹ̀. Mo fara balẹ̀ tú gbòǹgbò wọn. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé ìkejì lọ sílé Àǹtí, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi tọ́ ọ. Òdòdó tí ẹ ní ó yàgàn ti bímọ."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló yẹ kó bẹ ẹnì kejì? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ n sọ fún yín pé ọmọ mìíràn tún ti ń yọjú ní pálọ̀. Ẹni tó bá tún bá mi sọ̀rọ̀ àìbímọ, ilé rẹ̀ ló kàn.