Omi Abẹ́ Alùpùpù Mi

Ọjọ́bọ̀, Ìṣọlọ̀

Mo lu àgbàlagbà láàárọ̀ yìí. Láti ọjọ́ Àìkú tí mo ti fọwọ́ ara mi pààrọ̀ omi rédíétọ̀ alùpùpù mi ni ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ti ń tutù. Mo ní omi àlùwàlá Bàbá Ráṣídì, ará yàrá kejì, ni.

"Omi tèmi kì í débẹ̀, ìwọ ọmọ yìí."

Mo já búta irin gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi gbá a lẹ́nu. Eyín kan bọ́.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá ò jáde ṣe àlùwàlá. Síbẹ̀ omi ń kán, ó gbóná, láti ara alùpùpù. Mo tú ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wáṣà tí mo yọ lára nọ́ọ̀tì ìdí rédíétọ̀, òrùka pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí omi jò, wà nínú àpò.

Mo ń de nọ́ọ̀tì náà padà nígbà tí ìyàwó Bàbá dé. Kò bú mi. Ó gbé eyín yẹn lé ìjókòó alùpùpù.

"Bá wa de èyí náà."