Ìwé Tí A Ó Kà Nínú Òkùnkùn

                                        Yàrá òkè,
                                        Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé,
                                        Òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Nígbà tí iná bá lọ, kí ni ènìyàn yóò fi ka ìwé tó ń sọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí iná bá lọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun láti àná. Mo mọ̀ pé o ó rẹ́rìn-ín, o ó ní Oníbèéèrè ti tún bẹ̀rẹ̀. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ka eléyìí dé ìparí.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ikọ́ ti fi àwọn ìbejì sílẹ̀? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ó ti dé láti ibi iṣẹ́ tó lọ? Àbúrò rẹ, télọ̀ wa, tó ń sùn ní yàrá Màmá, ṣé ó ń rí oorun sùn, àbí ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́? Màmá fúnra wọn ńkọ́? Ṣé èémí wọn ti ń já geere láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní atẹ́gùn mí ti dé? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀.

O mọ̀ pé èmi ni mo kọ ìwé ìlò tó wà nínú àpótí ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ tí o sọ fún mi pé irú ẹ̀rọ wa ni dókítà ní kí ẹ gbé sílé, ńṣe ni mo ń yan kiri ọ́fíìsì bí ọkọ ìyàwó. Ojú-ewé tó kẹ́yìn ni mo fi ń yangàn jù. Òun ló sọ bí ẹ ó ṣe yọ rọ́bà imú Màmá kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi í sẹ́nu sìlíńdà atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ sì dákẹ́. Mo to ìgbésẹ̀ mọ́kànlá síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, mo sì ní kí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lè gba ojú-ewé kan. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo gbé e fún àwọn ará ọ́fíìsì wa kà. Mo bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn. Wọ́n ní ó yé wọn yékéyéké. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní àná ni ayàwòrán wa mú bàbá rẹ̀ wá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, torí mo fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì dán ìwé náà wò. A gbé ẹ̀rọ àti sìlíńdà òfìfo kan sí yàrá ìkẹ́rùsí tí kò ní fèrèsé. Bàbá wọ gíláàsì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú ọmọ ilé ìwé. Wọn kò tíì kà jìnnà tí iná fi lọ. Iná lọ lóòótọ́ ni o, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pa á.

Mo gbọ́ tí bàbá ń wá nǹkan nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ‘ṣáà’, ìṣáná tàn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ìwé mi, tí wọ́n gbé lé ẹnu sìlíńdà, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n kà dé. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ojú wọn kọ́kọ́ bà. Wọ́n kà á sókè: ‘Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná súnmọ́ sìlíńdà yìí rárá.’ Wọ́n wo ìṣáná ọwọ́ wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ èyí? O ò bá ti sọ ọ́ kí n tó ṣáná.’

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Òfìfo ni sìlíńdà tiwa. Èyí tó wà ní yàrá Màmá kún.

Ọ̀gá mi ní ẹ̀bi bàbá ni. Ó ní kí n lẹ pépà kan mọ́ ọn, kí n kọ ‘Ẹ MÁ ṢÁNÁ’ gàdàgbà síbẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò rí gàdàgbà náà nínú òkùnkùn. Ó ní, ‘Ìwọ náà, tí wọ́n bá ń san owó ìbéèrè, ìwọ ni ò bá ni ilé iṣẹ́ yìí.’ Ṣùgbọ́n èwo ni ẹ̀bi bàbá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo ní kí wọ́n kàwé, wọ́n wá ìmọ́lẹ̀ tí wọn yóò fi kà á. Ohun tí ìwé mi ní kí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ṣe. Gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí iṣẹ́ yìí ló ní kí n máa wo ọwọ́ ẹni tó ń lo nǹkan. Ẹnu ni èmi ń bi léèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí o kọ sí mi níjelòó, pé Màmá kì í sùn bí àbẹ́là àti ìṣáná kò bá sí lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. O ní, ‘Ó ti yé mi, Oníbèéèrè, màá kó wọn kúrò. Lọ sùn jàre.’ Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ó yé mi náà ni àwọn ará ọ́fíìsì sọ. Màmá náà yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, wọn yóò sì lọ mú òmíràn nínú dúrọ́ọ̀.

Nítorí náà, ẹ má dúró de òkùnkùn. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó gbogbo ìṣáná àti àbẹ́là kúrò ní yàrá náà. Fi okùn so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọrùn sìlíńdà, níbi tí ọwọ́ yóò ti bá a. Wé aṣọ mọ́ kókó tí wọ́n ń yí láti ṣí sìlíńdà, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan kókó kejì, èyí tí nọ́ọ̀sì ti yí sí iye tó yẹ Màmá. Ìyókù wà nínú pépà tí mo fi sínú àpòòwé yìí, ìlà mẹ́ta péré ni.

Nígbà tí Màmá bá wà lórí ẹ̀rọ tí ara sì tù wọ́n, ka ìlà mẹ́ta náà fún àbúrò rẹ lẹ́ẹ̀kan, kí o wá fi aṣọ di ojú rẹ̀. Télọ̀ kò ní wá aṣọ tì. Ní kí ó ṣe é. Rọ́bà kejì tó wà nínú àpótí ni kí ó lò, kì í ṣe èyí tó wà nímú Màmá. Dúró tì í, má ràn án lọ́wọ́, má sì bi í bóyá ó yé e. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, òun ni kí o pè mí sọ fún mi. Òun yóò ní òun lòun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Má gbà fún un, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kọ.

Àwọn ilé mìíràn wà tí ẹ̀rọ wa ti dé. Mo bẹ ọ̀gá pé kí awakọ̀ gbé ìwé tuntun kárí wọn, ó ní a ó rí i. N kò mọ ìgbà tí a ó rí i náà yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ibi tí ọwọ́ télọ̀ dúró fún mi, màá ní ohun tí mo lè gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá ní ìdájí yìí ni màá fi lẹ́tà yìí rán.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ náà lẹ́nu fún mi. Sọ fún Màmá pé èmi ni mo ní kí o gba ìṣáná lọ́wọ́ wọn. Bí wọn yóò bá bínú, èmi ni kí wọ́n bínú sí.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yé béèrè,
                                        Oníbèéèrè.

Mo ti pa àtùpà. Ojúmọ́ ti ń là níta, ṣùgbọ́n yàrá mi ṣì ṣú, ọwọ́ lásán ni mo fi ń wá etí pépà. Bí ìlà yìí bá wọ́ tí o kò sì lè kà á, má sọ fún mi pé ó yé ọ.