Máàkì Momun Ti Ń Wálẹ̀

Meerim ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bishkek? Ṣé òtútù ò pọ̀ jù? Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀ lórí yìnyín. Àwa ńlé wà, àwọn àgùntàn ti bímọ, òrùlé ilé ẹran ń jò, Burul aládùúgbò wa sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù, pé o ń bọ̀ wá gbé Momun ológbò rẹ torí pé mi ò mọ àtọ̀gbẹ rẹ̀ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara. Fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Ẹ̀rọ kékeré tí o ní kí n máa fi wo ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀, mo rò pé máàkì ló ń kọ jáde, bíi ti ilé ìwé. Ìwọ alára, márùn-ún tó jẹ́ òpin lo máa ń gbà, a ó sì yọ̀ ká gbogbo abúlé. Momun gba mẹ́sàn-án! Mo ní háà, ológbò yìí mọ̀wé ju ọmọ mi lọ. Mo fún un ní oyin díẹ̀, mo fi kí i kú iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ó gba mẹ́rìnlá, mo tún fún un. Nígbà tó gba méjìlélógún, mo pe Burul wá wò ó, òun náà bu oyin tirẹ̀ dání. O ní kí n má fún un ní ṣúgà, mi ò sì fún un ní ṣúgà, oyin ni, èyí tí bàbá rẹ fi sílẹ̀.

Ìgbà tí o wá pariwo mọ́ mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni máàkì yẹn, pé kó máa wálẹ̀ ni, pé ṣúgà náà ni oyin, mo yáa múra sí i. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó kọ ẹran sílẹ̀, èmi sì gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, láìjẹ́ pé ó jẹun. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi tí mo máa ń sọ pé ológbò kì í wọlé mi. Mo pe dókítà ẹranko, ó ní ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, kí n fi oyin ra èrìgì rẹ̀ kíákíá. Mo ní dókítà, oyin tí ẹ ní kó má fẹnu kàn? Ó ní màmá, ẹ ra á! Burul fi ìka ra á, nígbà tó ṣe, Momun gbórí sókè, ó gé Burul jẹ. Inú wa dùn gan-an.

Ó ti yé mi báyìí. Oúnjẹ ṣáájú, abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, tí kò bá jẹun, màá pe dókítà kí n tó gún un. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í jáde nílé wa láìfẹnu kan búrẹ́dì àti oyin. Momun nìkan ni mo yọ kúrò nínú àṣà yẹn, àwọn àgbà sì ń sọ pé mo ti ya ahun. Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àná ó gba mẹ́jọ, mo sọ fún Burul pé ó ti fìdí rẹmi dáadáa.

Fi abẹ́rẹ́ rán Tolon awakọ̀ sí mi, pẹ̀lú owó díẹ̀ fún ẹran, torí ológbò rẹ ń jẹ ẹran jù mí lọ. Owó ọkọ̀ tìrẹ náà, má fi ra bàtà, fi wá wò wá. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, Momun nìkan la jọ ń jẹun. Ọlọ́run á gbé ọ ga, wàá rí ẹni bá ọ jẹun nígbà gbogbo.

Èmi ni, ìyá rẹ, Sabira.

Apẹ̀rẹ̀ tí o fi gbé Momun wá, tí o fẹ́ fi gbé e lọ, má wá a o. Mo ti fi dáná búrẹ́dì.